Aṣọ Ọ̀rá Tó Wà Nílé Ẹjọ́: Ohun Tí Iṣẹ́ Ọnà Lè Ṣe fún Ẹni Tí Wọ́n Rẹ́ Jẹ

Nílùú Johannesburg, nínú ilé ẹjọ́ tó ń dájọ́ lórí òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ South Africa, aṣọ obìnrin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò ní í wọ̀ láéláé. Ọ̀rá ni wọ́n fi rán an, ọ̀rá aláwọ̀ búlúù, irú èyí téèyàn máa ń sọ nù tó bá ti kó ohun tó wà nínú rẹ̀ tán. Bí ẹ bá rí i lókèèrè, ẹwà rẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Aṣọ gígùn ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìgbà tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn lẹ máa tó rí lẹ́tà tí ẹni tó rán an kọ sí i lára. Ìgbà yẹn lẹ máa tó mọ̀ pé òkú ni wọ́n rán aṣọ náà fún.

Phila Ndwandwe lorúkọ olóògbé náà. Ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ológun tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà ni, Swaziland ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1988, àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ìjọba yẹn jí i gbé kọjá ẹnubodè. Ìyá ọlọ́mọ ni nígbà náà, ọmọ rẹ̀ ò tíì kúrò lọ́mọ ọwọ́. Wọ́n tì í mọ́ yàrá kékeré kan níhòòhò, wọ́n ní kó tú àṣírí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọ̀, wọ́n sì pa á. Ó lé ní ọdún 8 táwọn èèyàn rẹ̀ ò fi mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Ìgbà tí Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà tí Desmond Tutu darí, tó ń wádìí ìwà ìkà ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, wọ inú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n tó hú egungun rẹ̀ lọ́dún 1997. Ọ̀rá búlúù kan ni wọ́n bá ní ìbàdí rẹ̀. Ohun tó rí nínú yàrá yẹn nìyẹn, òun ló sì fi bo ara rẹ̀ lójú àwọn tó mú un. Ọ̀kan lára àwọn ọlọ́pàá náà fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ìgbìmọ̀ pé obìnrin náà láyà.

Rédíò ni ayàwòrán kan, Judith Mason, ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó sunkún, ó sì ń rò ó lọ́kàn pé ì bá dára ká ní òun lè rán aṣọ fún un. Ó bá ṣa ọ̀rá búlúù tí àwọn èèyàn ti sọ nù jọ, ó ran wọ́n pọ̀, ó di aṣọ. Lẹ́yìn náà ló ya àwòrán méjì tó ń bá aṣọ náà rìn. Ó fi iṣẹ́ yìí kan náà rántí Harold Sefola, ọkùnrin tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọrin kí wọ́n tó pa òun.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú torí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ òdodo lẹ́yìn ogun, lẹ́yìn ìjọba ológun, lẹ́yìn ìpakúpa, ti di ohun tí wọ́n ń fà lọ́tùn-ún fà lósì níbi púpọ̀ láyé báyìí. Ibi gbogbo tí wọ́n bá sì ti ń fà á, iṣẹ́ ọnà á wà níbẹ̀: ère ìrántí, ògiri tí wọ́n kọ orúkọ sí, orin, ijó, aṣọ. Àwọn kan ń sọ pé fífi owó ṣòfò ni, pé ẹni tí wọ́n pa ọkọ rẹ̀ ò nílò ère, owó gbà-máà-bínú àti ìdájọ́ ló nílò. Àwọn mìíràn sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé tí wọ́n bá ti ya àwòrán, ọgbẹ́ ti san nìyẹn. Èrò tèmi ni pé ìhà kọ̀ọ̀kan ti rí apá kan ọ̀rọ̀, wọn ò rí ìyókù.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú kì í rí arẹwà kó má kí i. Ibẹ̀ ni agbára iṣẹ́ ọnà ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdájọ́. Ìwà ìkà jẹ́ ohun tí ojú máa ń sá fún. Bí wọ́n bá ka ìròyìn ìpakúpa sí èèyàn létí, ó lè ká a lára fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí nǹkan mìíràn, kì í ṣe pé ìkà ni, ọkàn ni ò lè gbé e. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ ẹnì kan bá ti sọ ìrora náà di ohun tó dára wò, ojú á dúró. Ó ti dúró tán kó tó mọ ohun tó ń wò. Ẹni tó bá wo aṣọ ọ̀rá yẹn ti ń fẹ́ràn rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ikú ló wà nínú rẹ̀, tó bá sì ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀pa ò bóró mọ́, kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ibi tí wọ́n gbé aṣọ náà sí gan-an tún ní ìtàn tirẹ̀. Orí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni ilé ẹjọ́ yẹn wà, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti Gandhi mọ́, tí wọ́n ti Mandela mọ́, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dúdú tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn ò ju pé wọ́n rìn láìní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ẹjọ́ tuntun tí wọ́n ṣí lọ́dún 2004, wọ́n wó ilé tí wọ́n ń kó àwọn tó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ sí. Wọn ò da bíríkì rẹ̀ nù, inú gbọ̀ngàn tí àwọn adájọ́ ń jókòó sí ni wọ́n fi mọ. Wọ́n sì dá àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ náà sí, ó ṣì dúró níbẹ̀. Albie Sachs, ọ̀kan lára àwọn adájọ́ àkọ́kọ́, ló ṣe agbátẹrù àwọn iṣẹ́ ọnà tó wà nínú ilé náà. Bọ́ǹbù tí wọ́n dè mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Maputo lọ́dún 1988 ló gé apá rẹ̀ ọ̀tún tó sì fọ́ ojú rẹ̀ kan. Owó tí ìjọba kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún ṣíṣe ilé ẹjọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ ò ju 10,000 rand lọ. Òun àti Yvonne Mokgoro tí wọ́n jọ jẹ́ adájọ́ ò fi ra kápẹ́ẹ̀tì tàbí òdòdó, iṣẹ́ ọnà kan ṣoṣo tí Joseph Ndlovu hun ni wọ́n ná gbogbo rẹ̀ lé lórí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, ó wú mi lórí gan-an. Ẹni tí wọ́n gé lápá mọ̀ pé ojú àwọn tó ń dájọ́ gbọ́dọ̀ máa bá ohun tó lẹ́wà pàdé lójoojúmọ́, kí wọ́n má bàa gbàgbé pé èèyàn ni ìwé ẹjọ́ tó wà níwájú wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Pẹ̀lú gbogbo ẹwà ilé yẹn, ọ̀pọ̀ ìdílé tí wọ́n pa èèyàn wọn lábẹ́ ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ò tíì rí ìdájọ́. Ìgbìmọ̀ Tutu fi nǹkan bí 300 ẹjọ́ lé àwọn agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́ pé kí wọ́n wádìí rẹ̀, kí wọ́n sì gbé àwọn tó bá tọ́ lọ sílé ẹjọ́. Ìwọ̀nba tí wọ́n fọwọ́ kàn nínú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ìgbìmọ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa san owó fún àwọn tí ìyà jẹ lọ́dọọdún fún ọdún 6, ohun tí ìjọba san lọ́dún 2003 sì jẹ́ 30,000 rand fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tán. Lóṣù Kíní ọdún 2025, ìdílé 25 pe ìjọba lẹ́jọ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn wọn sábẹ́ ẹní, wọ́n sì ń béèrè 167 mílíọ̀nù rand gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú. Lọ́dún yẹn kan náà ni Ààrẹ Cyril Ramaphosa gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, tó ní kí adájọ́ Sisi Khampepe darí rẹ̀, láti mọ̀ bóyá àwọn kan nínú ìjọba ló dí ìgbẹ́jọ́ yẹn lọ́wọ́.

Bí ọmọ ẹni tí wọ́n pa bá wá ń bínú nígbà tí wọ́n bá ń ṣí ère ìrántí mìíràn, mo rò pé ó tọ́ kó bínú. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ère tí wọ́n gbé kalẹ̀ dípò ìdájọ́ kò yàtọ̀ sí kí wọ́n ṣánpá síni níbi tó yẹ kí wọ́n ti san gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìhà kejì rẹ̀. Kí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí má kú láti ọdún 1997 títí di òní? Kì í ṣe fáìlì. Fáìlì wà nínú àpótí, eruku sì ti bò ó. Aṣọ ọ̀rá wà níbi tí gbogbo ayé ń gbà kọjá.

Orílẹ̀-èdè tí mo rò pé ó ti kọ́ni lọ́gbọ́n jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Chile. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, Augusto Pinochet àti àwọn ológun gba ìjọba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn lóru, ọ̀pọ̀ lára wọn ò padà wálé. Ìyàwó, ìyá àti arábìnrin àwọn tí wọ́n gbé yìí ń lọ láti àgọ́ ọlọ́pàá dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, láti ọgbà ẹ̀wọ̀n dé mọ́ṣúárì, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń gbà: a ò mọ ẹni tí ẹ ń sọ. Ọkọ tó ń mówó wálé ti lọ, wọ́n sì ń yẹra fún wọn ládùúgbò torí ìbẹ̀rù. Ìjọ Kátólíìkì tó wà nílùú Santiago ló gba àwọn obìnrin yìí mọ́ra, tó fún wọn níbi tí wọ́n lè jókòó sí, tó sì bá wọn wá òwú àti àkísà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwòrán tí wọ́n ń pè ní arpillera.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àpò, irú èyí tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún tàbí ìyẹ̀fun sí, ni ìdí rẹ̀. Wọ́n á gé e ní ìwọ̀n tó lè tẹ́ sórí itan. Òkè ńlá Andes á wà lókè, tí wọ́n fi aṣọ aláràbarà gé, oòrùn yíyọ á wà ní igun kan. Nísàlẹ̀, ilé kéékèèké lọ́nà tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, àti ọmọláńgidi tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n ki òwú sí nínú, tí wọ́n fi òwú dúdú ṣe irun fún, tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ya ojú fún. Bí ọmọdé bá rí i, á rò pé wọ́n fẹ́ fi ṣeré ni. Ẹ wá wò ó dáadáa: àwọn ọmọláńgidi yẹn ń fa ọkùnrin kan wọ inú ọkọ̀. Obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Àwọn mìíràn tò síwájú ìkòkò oúnjẹ kan ṣoṣo tí gbogbo àdúgbò ń jẹ. Obìnrin tó rán òmíràn gé ara ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tí wọ́n gbé lọ, ó fi rán aṣọ sí ọmọláńgidi lọ́rùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpò kékeré kan máa ń wà, tí wọ́n á ti bébà pélébé sí, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí.

Àwọn obìnrin yìí ò fi ojú ayàwòrán wo ara wọn, ẹni tó ń wá ọkọ àti ọmọ ni wọ́n. Owó tí ìjọ ń bá wọn gbà lórí iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ọmọ tó kù. Ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn gan-an ló ń wò wọ́n sàn. Ẹni tí kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lè máa ran án, kó tẹ orí ba, kí abẹ́rẹ́ máa lọ kó máa bọ̀, kí ẹni tó jókòó tì í máa rán tirẹ̀ náà. Kò sí ẹni tó ní kó sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá sì yá, á sọ ọ́.

Iṣẹ́ náà sì di ẹ̀rí. Ìjọ ń kó o ránṣẹ́ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn tó rà á gbé e kọ́ sí ògiri ilé wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn tí àwọn ìwé ìròyìn inú Chile ò gbọdọ̀ gbé jáde di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Inú ń bí ìjọba, wọ́n ń pè é ní aṣọ ìbanilórúkọjẹ́. Lọ́dún 1978, àwọn obìnrin náà tún ṣe ohun mìíràn tí n kì í lè rò láìjẹ́ pé ara mi gbọ̀n. Ijó kan wà nílẹ̀ wọn tó ń jẹ́ cueca, takọtabo ló ń jó o, wọ́n á máa ju áńkáṣíìfù, wọ́n á máa yí ara wọn po. Ìyàwó ẹni tí wọ́n gbé lọ bọ́ sójú agbo ní òun nìkan, ó dúró dé àyè ọkọ rẹ̀, ó ń yí àyè òfìfo náà po. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò dárúkọ Pinochet. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà níjòókòó rí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwòsàn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àsọdùn. Lọ́dún 1984, olùṣèwádìí kan, Roger Ulrich, gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn èèyàn 46 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún nílé ìwòsàn kan ní Pennsylvania. Ìdajì wọn wà ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi, ìdajì tó kù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé ju àwọn yòókù lọ, oògùn apàrora tó lágbára tí wọ́n lò sì kéré. Èèyàn 46 ò pọ̀, n kò ní í gbé e ju bó ṣe yẹ lọ. Àmọ́ lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Yúróòpù gbé ìròyìn kan jáde tí Daisy Fancourt àti Saoirse Finn kọ, tó kó ohun tó lé ní 3,000 ìwádìí jọ, tó sì fi hàn pé orin, àwòrán, ijó àti ìtàn ń ran èèyàn lọ́wọ́, yálà láti dènà àìsàn tàbí láti gbé e. Ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí kì í sábà rántí rẹ̀ bí ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Òórùn ló ń rántí, ìró ilẹ̀kùn, àwọ̀ aṣọ ẹnì kan. Agbẹjọ́rò á ní kó sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, kò ní í lè sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á sì ní irọ́ ló ń pa. Ẹ fún un ní ìyẹ̀fun ẹfun, ẹ fún un ní amọ̀, ẹ fún un ní ìlù, nígbà mìíràn ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa kọ́kọ́ jáde.

Àmọ́ ọwọ́ ta ni iṣẹ́ náà ti jáde? Ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ìlú Bogotá ní Colombia sì ni mo ti rí ìdáhùn tó dára sí i. Lọ́dún 2016, ìjọba Colombia àti ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FARC fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà lẹ́yìn ogun tó ti lé ní 50 ọdún. Ó wà nínú ìwé àdéhùn pé wọ́n máa fi ohun ìjà tí FARC bá kó sílẹ̀ mọ ère ìrántí mẹ́ta. Wọ́n gbé èyí tó máa wà ní Colombia lé Doris Salcedo, oníṣẹ́ ọnà ọmọ ilẹ̀ náà, lọ́wọ́. Ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ère gogoro ló sábà máa ń gbé dìde, kí wọ́n lè máa ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Salcedo kọ̀. Ó ní ilẹ̀ ilé lòun máa ṣe, ohun tí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀.

Ìbọn tó wúwo tó 37 tọ́ọ̀nù ni wọ́n yọ́. Kí wọ́n tó da irin náà, Salcedo pe àwọn obìnrin tí àwọn ọkùnrin oníbọn ti fipá bá lò pọ̀ nígbà ogun. Ó fún wọn ní òòlù àti páànù alumíníọ́mù. Wọ́n lù ú. Wọ́n lù ú gbà-gbà-gbà títí ojú páànù náà fi rí jágajàga bí ojú ọ̀nà tí àgbàrá ti wọ́. Ara páànù tí wọ́n lù yìí ni wọ́n ti mú bátànì tí wọ́n da irin ìbọn sí, ó sì di ègé 1,296 tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ ilé kan láàárín ìlú, nínú àwókù ilé àtijọ́. Wọ́n ṣí i lóṣù Kejìlá ọdún 2018. Ẹni tó bá wọlé kò ní í rí ère akọni kankan. Ilẹ̀ dúdú ló máa rí, kò tẹ́jú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì mọ̀ pé kò tẹ́jú. Ojú òòlù kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, obìnrin kan ló lù ú, pẹ̀lú ìbínú tirẹ̀. Ìbọn tó ti dúró lórí wọn rí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn báyìí.

Ẹ tún wo ọdún rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ilé ẹjọ́ àkànṣe tí àdéhùn àlàáfíà náà gbé kalẹ̀ tó ṣí ẹjọ́ lọ́tọ̀ lórí ìfipábánilòpọ̀ nígbà ogun. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 5 tí ilẹ̀ yẹn ti wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ pé ilẹ̀ náà ló fa ẹjọ́ náà. Àwọn obìnrin àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ló jà fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí òfin ṣì ń rò ó, wọ́n ní ibì kan tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ fún wọn pé kò ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ẹni mímọ́ o. Orin ní í ṣáájú ọ̀tẹ̀, Rùwáńdà sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Simon Bikindi jẹ́ olórin tí ohùn rẹ̀ dùn, tí gbogbo ìlú ń jó sí orin rẹ̀. Lọ́dún 1994, rédíò àwọn agbátẹrù ìpakúpa ń lu àwọn orin rẹ̀ kan láti fi ru àwọn èèyàn sókè sí àwọn ẹ̀yà Tutsi. Lọ́dún 2008, ilé ẹjọ́ àgbáyé tó ń gbọ́ ẹjọ́ Rùwáńdà sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 15. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ lójú ọ̀nà, pé kí wọ́n pa àwọn Tutsi, ni wọ́n torí rẹ̀ dá a lẹ́bi, kì í ṣe orin náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ gbà pé wọ́n lo orin náà láti gbin ìkórìíra. Adùn orin kan náà tó ń mú etí dúró gbọ́ òtítọ́ lè mú un dúró gbọ́ irọ́.

Ní Rùwáńdà yìí kan náà, eré orí rédíò kan tó ń jẹ́ Musekeweya bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004, tó ń sọ ìtàn abúlé méjì tí ìjà wà láàárín wọn. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Elizabeth Levy Paluck, ṣèwádìí nípa àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ohun tó rí, tó gbé jáde lọ́dún 2009, yẹ kó kọ́ gbogbo wa: eré náà ò fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tí olúkúlùkù gbà gbọ́ nínú ọkàn rẹ̀ padà, ohun tó yí padà ni ohun tí wọ́n rò pé ó bójú mu láti ṣe láwùjọ. Wọ́n túbọ̀ ń lè sọ̀rọ̀ lòdì sí ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì túbọ̀ fọkàn tán ara wọn. Ó lè dà bí ohun kékeré. Lójú mi, ohun ńlá ni, torí pé ìpakúpa kì í ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnì kan bá ti lè dìde sọ pé rárá láìbẹ̀rù ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn alágbára mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà lágbára, wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwa tá à ń jiyàn lórí rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì àti Ítálì ju bọ́ǹbù sórí ìlú Guernica ní Sípéènì lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1937, ayàwòrán Pablo Picasso ya àwòrán ńlá kan nípa rẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n fi òwú hun wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀ Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York. Lóṣù Kejì ọdún 2003, nígbà tí Colin Powell, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà nígbà náà, wá sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbógun ti Iraq, wọ́n fi aṣọ búlúù bo àwòrán náà. Wọ́n ní nítorí kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ni. Àwòrán tó ti lé ní ọdún 65 nígbà yẹn, nípa ìlú kékeré kan, ni wọn ò fẹ́ kó wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ogun.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún mi pé ìjọba kan fẹ́ fi iṣẹ́ ọnà wo ìlú sàn, mo máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tí ìyà jẹ ló ní kí wọ́n ṣe é, bóyá orúkọ ẹni tó ṣe ibi wà níbẹ̀ tàbí wọ́n kàn kọ ọ́ pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, àti bóyá ẹjọ́ ń lọ. Mo sì máa ń ṣọ́ra fún irú èyí tí wọ́n ń ní kí obìnrin kan náà máa jáde wá sọ bí wọ́n ṣe fipá bá a lò pọ̀ lórí ìtàgé níwájú àwọn àlejò, tí wọ́n á pàtẹ́wọ́, tí wọ́n á lọ jẹun. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn. Ẹni tó fẹ́ dákẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́, kó fọwọ́ rán aṣọ tirẹ̀.

Ní Chile, ìjọba Pinochet parí lọ́dún 1990. Àwọn aṣọ àpò yẹn wà ní ilé ìrántí tí wọ́n ṣí ní Santiago lọ́dún 2010, lábẹ́ gíláàsì. Ní òpin oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tó ku díẹ̀ kó pé 50 ọdún tí ológun gba ìjọba, Ààrẹ Gabriel Boric gbé ètò kan kalẹ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ á fi máa wá àwọn tí wọ́n gbé lọ. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ìdílé wọn ló ń wá wọn jù, pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn, títí dé inú aṣálẹ̀. Nínú èèyàn 1,469 tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, 307 péré ni wọ́n ti rí egungun wọn tí wọ́n sì ti dá mọ̀ nígbà yẹn. Ó ṣẹ́ ku 1,162 nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti kú láìrí nǹkan kan sin. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán sí ara aṣọ wọn, tí òwú rẹ̀ ṣì hàn ketekete, ni pé: níbo ni wọ́n wà?